Eèsún Tí A Gé Nítorí Àlejò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní

Ìyàwó télọ̀ wá lónìí. Láti ọdún tó kọjá, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ìgbẹ̀bí yìí mọ́, mi ò sì bínú sí i. Omi ti fà, nítorí náà orí àwọn òkúta inú àbàtà ló gbà kọjá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá fọnná. Mo wò ó látòkè délẹ̀, kò sì pọn dandan kó sọ ọ́ fún mi. Oyún oṣù mẹ́rin ni.

Mo ní, "Wọlé, ìyàwó mi."

Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ tẹnu òun. "Màmá, ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ kó gbẹ̀bí mi. Àmọ́ mi ò ní gorí pákó yẹn mọ́ láéláé. Tí omi bá kún tí kò sí afárá gidi, ilé mi ni màá bí i sí, kí Ọlọ́run ṣe tiẹ̀."

Kí ni mo fẹ́ wí? Oṣù kẹfà ni ọmọ yìí ń bọ̀, ìgbà tí omi máa ń gun àtẹ̀gùn ilé mi. Inú oṣù kẹfà lọ́dún tó kọjá náà ni pákó tí a tẹ́ sórí omi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń rọbí bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Etí omi ló bí i sí. Èmi dúró ní òdì kejì pẹ̀lú àpò iṣẹ́ mi lọ́wọ́, mò ń pariwo ohun tí wọ́n máa ṣe fún un, òjò ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọmọ náà ò ké.

Mo ti ṣèlérí fún un. Afárá máa wà kí omi tó kún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Káfíńtà ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ó-di-ọ̀la, nítorí náà mo kà á sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Pákó ti fi ìlàjì gbówó lórí láti ọdún tó kọjá. Mo ní kò burú, kó bẹ̀rẹ̀.

Òun náà ló wá họ orí. "Màmá, ẹ ti gbàwé?"

"Ìwé kí ni?"

"Ìwé àṣẹ. Ọkùnrin tó da yẹ̀pẹ̀ sínú irà lọ́jọ́sí kó lè kọ́ ibi ìfọkọ̀, ìjọba ní kó kó o jáde padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣọ́bìrì kó o."

Mi ò mọ̀ pé omi ẹ̀yìn ilé mi ní ọ̀gá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó odò àti irà wà ní àjà kẹta. Fèrèsé kan ṣoṣo ni, ọkùnrin kan ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń mu omi gbígbóná láìfi nǹkan kan sí i.

"Màmá, irú àṣẹ wo lẹ fẹ́?"

"Irú èwo ló wà?"

Ó mí kanlẹ̀. Àṣẹ kékeré wà, fún iṣẹ́ tí kò ní gbà ju ìwọ̀n yàrá méjì lọ nínú irà. Ọjọ́ márùndínláàádọ́ta ni ìdáhùn rẹ̀. Àṣẹ ńlá wà, fún àwọn tó fẹ́ la títì tàbí kọ́ ilé ìtajà. Wọ́n á lẹ ìkéde káàkiri fún oṣù kan kí ẹni tó bá ní àròyé wá sọ ọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì lè gba ọdún kan gbáko. Àṣẹ pàjáwìrì wà. Ó ní ọ̀kan tún wà fún ẹni tó ti ṣe nǹkan tán kó tó wá béèrè, "àmọ́ ìyẹn ò kàn yín, Màmá, ẹ jọ ẹni tó ń pa òfin mọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣẹ kékeré ni mo mú, ojú ìwé mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ mi ò ní ba omi jẹ́, àjà kẹfà sì ni wọ́n ti ń gba ìyẹn. Ẹ̀rọ agbénisókè ò ṣiṣẹ́. Mo ti gbẹ̀bí obìnrin mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo rí, kò rẹ̀ mí tó báyìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n ní kí n ya àwòrán ibẹ̀, kí n ya fọ́tò rẹ̀, kí n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀. Téèpù Ó-di-ọ̀la ti já, ó ní òun máa ra òmíràn lọ́la. Ẹ gbọ́ ọ̀la o. Téèpù tí mo fi ń wọn ikùn àwọn aláboyún ni mo fi wọn àbàtà náà, mo ń nà án, mo ń sún un síwájú, ìgbà mẹ́tàlá. Mítà mọ́kàndínlógún àbọ̀.

Ó-di-ọ̀la ló kọ́kọ́ ya àwòrán. Ó ya ẹja mẹ́ta sábẹ́ afárá, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí lẹja ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ṣebí wọ́n ní kí a fi ohun tó wà nínú omi hàn?" Mo tún un yà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù mi! Òǹtẹ̀ mẹ́rin. Aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá wo ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá. Ọkùnrin ojú fèrèsé ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó bá ibẹ̀ bó ṣe wà." Mo ní kò sí wàhálà. Mo rò pé kí n má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ń sọ.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé, inú mi sì dùn lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ wo obìnrin kan tó bímọ ní ìpẹ̀kun àdúgbò. Nígbà tí mo fi máa dé, iṣẹ́ ti parí. Ìyá mi ló kó wọn jọ, pẹ̀lú bó ṣe ti lé lọ́gọ́rin ọdún yẹn. Ó ní ẹni ìjọba ń bọ̀ lọ́la, ó wá fẹ́ bá wa nínú igbó? Obìnrin méje pẹ̀lú Ó-di-ọ̀la àti àdá rẹ̀. Wọ́n ti gé gbogbo eèsún etí omi mọ́lẹ̀, níhà tiwa àti ní òdì kejì. Wọ́n ti sun ún. Wọ́n ti gbá ilẹ̀. Wọ́n sì ti da yanrìn bàrò mẹ́wàá sójú ẹrẹ̀, kí bàtà àlejò má bàa dọ̀tí. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ ò ní mọ̀ pé àbàtà ni.

Kò yẹ kí n purọ́ sínú ìwé tí èmi nìkan ń kà. Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ò ní ṣàárẹ̀," mo sì mú ìgbálẹ̀, mo gbá ibi tó kù lẹ́bàá àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni aláyẹ̀wò náà, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó wọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún, bàtà náà ò sì rí ẹrẹ̀ kankan tẹ̀. Ó dúró lórí yanrìn wa, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yọ fọ́tò tí mo fi sínú fọ́ọ̀mù jáde, ó wo ìyẹn náà.

"Ta ló gé e?"

Ìyá mi ti gbé àga síta fún un. "Àwa ni, ọ̀gá. Nítorí tiyín ni. Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀."

Kò jókòó. Ó ya fọ́tò tirẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó wá fa èmi nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní gígé ohun tó hù nínú irà láìgbàṣẹ lòdì sófin. Dída yanrìn sí irà lòdì sófin. Àṣẹ kékeré tí mo béèrè ti dúró síbi tó dé. Kí a kó yanrìn kúrò, kí a gbin eèsún padà, kó ga dé orúnkún kí òun tó padà wá wò ó. Èmi náà sì gbọ́dọ̀ lọ gba fọ́ọ̀mù àwọn tó ti ṣe nǹkan tán kí wọ́n tó béèrè. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ òun gan-an nínú. Ó lẹ ìwé pupa mọ́ òpó àtẹ̀gùn mi, ó kí ìyá mi, ó lọ.

Ìyá mi ní, "Kí ni wọ́n wí? Ṣé ibẹ̀ wù wọ́n?"

Mo ní wọ́n á padà wá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó ti mọ̀. Ó-di-ọ̀la ò lè pa ẹnu mọ́. Ìyá mi ò jẹ ju ṣíbí méjì lọ láti àárọ̀.

"Ṣé wọ́n fẹ́ kí a gbàlejò sínú pàǹtí ni? Ayé wo rèé?"

Mo ní kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní ẹjọ́ ta wá ni. Mo ní kó jẹun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọkùnrin ojú fèrèsé rí mi, ó ní, "Màmá apòfinmọ́!" Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ẹ̀rín sí i, kí ni mo fẹ́ ṣe.

Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni ti àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìbéèrè kẹsàn-án ní: kí ló mú yín ṣe iṣẹ́ náà láìgbàṣẹ? Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Mo kọ ọ́ pé, "A ń retí àlejò." Ó kà á, ó tún un kà.

"Màmá, ṣé ẹ ò ní kọ nǹkan mìíràn?"

"Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn."

Ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Yanrìn tí wọ́n fi ọjọ́ kan dà, ọjọ́ mẹ́fà la fi kó o, nítorí a ò gbọ́dọ̀ hú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Lónìí a gbin eèsún. Ọjọ́ tí àwọn aláboyún máa ń wá fún àyẹ̀wò ni, àwọn tí oyún wọn ò tíì wúwo sì bá wa gbìn. Ní òdì kejì, mo rí télọ̀ fúnra rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ ba, ó ń ki igi eèsún mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún tó kọjá, "Ẹ káàárọ̀, Màmá" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ. Lónìí náà, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Ó gbin tirẹ̀ tán, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Oòrùn mú, ilẹ̀ ti gbẹ, àwọn eèsún náà sì ń rọ. Àwa la wá ń pọnmi láti inú odò wá bomi rin àbàtà. Àwọn tó ń kọjá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní ṣé a fẹ́ kí omi odò máa gbẹ ni tàbí kí ó máa kún. Mo ní kó kọjá lọ jẹ́ẹ́.

Eèsún: sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Ikùn ìyàwó télọ̀: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Téèpù kan náà ni. Mò ń nù ún dáadáa láàárín méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò àkọ́kọ́. Ó-di-ọ̀la ní kí a yọ̀, a ò ní pọnmi mọ́. Mi ò yọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Eèsún mọ́kànlélógójì. Ikùn ọgbọ̀n. Eèsún ti yọ ọ́ sílẹ̀! Mo pariwo rẹ̀ sókè, ìyá mi ní kí ló dé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Oníbàtà-òjò padà wá. Orúkọ tí ìyá mi sọ aláyẹ̀wò nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó wọn eèsún níbi márùn-ún, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní a yege. Ó yọ ìwé pupa kúrò lára òpó. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó sórí àga tí ìyá mi gbé fún un, ó sì mu omi.

Ìyá mi ní, "Ẹ má bínú o, kí ni koríko yìí tiẹ̀ ń ṣe fún ìjọba gan-an?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di etí omi mú. Níbi tí wọ́n bá ti gé e, tí omi bá dé, ilẹ̀ ibẹ̀ á máa ya díẹ̀díẹ̀ lábẹ́, lókè á sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ó béèrè bóyá a máa ń gé e tẹ́lẹ̀. Mo ní lọ́dọọdún. Èmi ni mo máa ń gé e kí òjò tó dé, kí ọ̀nà lè mọ́ fún àwọn aláboyún. Ó na ìka sí ibi tí orí pákó àtijọ́ máa ń wà ní òdì kejì. "Ẹ rí i? Ó ti jẹ wọlé tó apá méjì. Ibi tí ẹ ti ń gé e nìyẹn."

Kò mọ ohun tó ń sọ fún mi. Mo ní mò ń bọ̀, mo wọ yàrá ìkóǹkansí, mo sì jókòó sórí àpótí.

Ọdún kan ni mo fi ń sọ pé pákó ló dalẹ̀. Pákó ò dalẹ̀. Ilẹ̀ tó gbé e lé ni kò sí níbẹ̀ mọ́, ọwọ́ mi yìí ló sì gé ohun tó dì í mú. Mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn ìgbà náà mo bọ́jú, mo sì lọ wo àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Lẹ́tà dé. Fáìlì mi ti ń rìn padà. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ni àṣẹ kékeré máa jáde. Mo ti ń pàtẹ́wọ́ kí n tó ka ìsàlẹ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún títí dé òpin oṣù kẹsàn-án, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ri òpó sínú omi, nítorí àkókò tí ẹja ń yé ẹyin ni. Oṣù kẹwàá ni mo lè bẹ̀rẹ̀.

Mi ò bá ẹja jà. Iṣẹ́ mi ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ béèrè àṣẹ pàjáwìrì.

Ọkùnrin ojú fèrèsé ní, "Ta ló wà nínú ewu?"

"Aláboyún kan."

"Ṣé ó ti ń rọbí?"

"Rárá o. Oṣù tó ń bọ̀ ni."

"Ìyẹn ò tíì di pàjáwìrì nìyẹn, Màmá. Ẹ padà wá tó bá ti ń rọbí."

Mo wò ó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo rò pé òun náà gbọ́ ohun tó sọ, torí ó fi ife rẹ̀ bojú. Mo ní, "Mo ti gbọ́. Àwọn obìnrin á máa rọbí lórí ìlà níbí." Mo sọ̀kalẹ̀. Òjò ló bá mi lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ bá ìyàwó télọ̀ ní ilé rẹ̀. Omi ti dé ìlàjì itan lórí àwọn òkúta, mo ká aṣọ sókè. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá máa sùn lọ́dọ̀ mi láti ìsinsìnyí títí yóò fi bí i. Ó mi orí.

"Màmá, mi ò lè máa sùn níbi tí màá ti máa gbọ́ ohùn omi yẹn."

Èmi náà ò lè wá máa sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ìyá mi ò sì lè gbẹ̀bí.

Mo wá sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé màá sọ ọ́ lónìí. Mo ní ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá, kì í ṣe pákó, eèsún tí mo máa ń gé ló jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ ya. Mo ní èmi ni. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ó ń tún aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀ ká. Ó ní, "Èmi náà máa ń gba ibẹ̀ kọjá, Màmá. Mo máa ń yìn yín pé ibẹ̀ mọ́."

Ó sin mí dé etí omi, àmọ́ kò sún mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ogún

Oníbàtà-òjò wá lọ́jọ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú ìwé òfin kan tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè: àṣẹ ìgbà díẹ̀. Tí afárá ò bá ní òpó nínú omi, tó kàn léfòó, tí a lè tú u kúrò láìfi ojú àpá sílẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n máa ń fún un, kò sì kan ọ̀rọ̀ ẹja.

Mo ní, "Láti oṣù kìíní lèyí ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, Màmá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wolẹ̀. "Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á lánàá ni."

Inú bí mi, mo fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n ó rìn wá lọ́jọ́ tó yẹ kó sinmi. Ta ló tún máa ń ka ìwé ìjọba nítorí ẹlòmíràn? Ìyá mi ti gbé àga síta.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Àṣẹ ìgbà díẹ̀ dé. Ojú ìwé kan péré! Ọgọ́ta ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. A ò gbọ́dọ̀ ri òpó kankan. A ò gbọ́dọ̀ gé eèsún kan ṣoṣo, ibi tó bá ti pa ẹnu pọ̀ ni kí a fi okùn fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dúrọ́ọ̀mù tí a máa fi mú un léfòó ò gbọ́dọ̀ ti gba epo rí. Irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ń tà á rí i lójú mi pé mi ò lè lọ síbòmíràn, ló bá gbé owó lé e bó ṣe wù ú.

Ó-di-ọ̀la bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án òní. Mi ò gbàgbọ́, mo jáde lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Ó parí. Ọjọ́ márùn-ún. Mo ní à fi ká yí orúkọ rẹ̀ padà, ó ní kí a dúró dọ̀la ná.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ gorí rẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ dání kó má bàa ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́. Ó dé òdì kejì, ó yí padà, ó ní, "Ó ń mì o, àmọ́ ó mọ ibi tó ń lọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Òjò ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Omi ti gun àtẹ̀gùn kejì. Afárá náà ń bá omi lọ sókè, okùn rẹ̀ kò sì já. Eèsún dúró síbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí oorun tó gbé mi lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, télọ̀ sáré gba orí afárá wá, téèpù iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. "Màmá, ó ti bẹ̀rẹ̀." Mo ní kó lọ mú un wá, kó má sáré. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé omi kaná, mo jáde sórí àtẹ̀gùn.

Mo rí i nígbà tó dé ìdí afárá ní òdì kejì, ọkọ rẹ̀ dì í mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó. Pákó náà mì, bí ohun tó ń léfòó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó tún gbé e lé e, ó tún gbé e kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ọkọ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, ó ṣáà ń mi orí.

Mo ké sí i pé kó máa bọ̀, kó máa wo ojú mi. Òjò ò pọ̀ lónìí, ó gbọ́ mi. Èmi náà gbọ́ ọ.

"Màmá, ẹsẹ̀ mi ò gbà!"

Mo dúró níbẹ̀ bí òpè. Láti oṣù kìíní, nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo kọ, ohun kan náà ni mo ń kọ: kí àwọn aláboyún lè dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti bi mí pé ṣé èmi náà ò lè lọ. Lọ́dún tó kọjá, mi ò lè lọ. Lónìí pákó wà níwájú mi.

Mo ní kí ìyá mi jókòó ti àwọn obìnrin mẹ́rin inú ilé. Mo gbé àpò mi. Mítà mọ́kàndínlógún àbọ̀, mi ò wo ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú débi pé ìka mi ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

A ò débi ilé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló sún mọ́ wa jù. Ó fi apá kan gbá gbogbo aṣọ oníbàárà kúrò lórí tábìlì ìgéṣọ, ó tẹ́ èyí tó mọ́ jù sí i, ó jáde, ó dúró sójú òjò. Kò pẹ́ rárá. Obìnrin ni. Mo fi ọwọ́ gbà á, mo dúró, mi ò mí.

Ó ké. Ó ké débi pé ìyá mi gbọ́ ọ ní òdì kejì, ó sì dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Gbogbo ara ń ro mí. Télọ̀ wá, ó jókòó fún wákàtí kan. Kí ó tó lọ ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Lẹ́tà àṣẹ kékeré náà dé lónìí pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀. Oṣù kẹwàá. Ó dáa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mò ń sá aṣọ ilé ìgbẹ̀bí sórí okùn láàárọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró pákó. Mo wo òkè. Ìyàwó télọ̀ ni, òun nìkan, ó pọn ọmọ rẹ̀. Kò rán ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé òun ń bọ̀.

Ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, ó yíjú sí etí omi ọ̀hún, ibi tí ilẹ̀ ti ya. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ lọ bá a, mo dá ara mi dúró. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀, pákó ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, kò di nǹkan kan mú. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún ọmọ náà sọ lẹ́yìn, ó sì ń bọ̀.

Ó gun àtẹ̀gùn mi. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n."

Kílò mẹ́ta àti díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kù lórí ìwé àṣẹ náà.